Ta Ló Yẹ Kó Wà Nínú Ìwé Òṣùwọ̀n Ṣẹ́ẹ̀sì?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, FIDE, àjọ tó ń darí eré ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, máa ń gbé ìwé kan jáde. Orúkọ àwọn atayò kárí ayé ló wà nínú rẹ̀, nọ́ḿbà kan sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ bí ọwọ́ onítọ̀hún ṣe mú tó. Nọ́ḿbà yìí ni òṣùwọ̀n, èyí tí àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Sùúrùlérè àti Yábà mọ̀ sí rating. Bí ọdún kan gbáko bá kọjá tí ẹnì kan kò ta ẹyọ ayò kan tó wọ ìwé, wọ́n á fi lẹ́tà kékeré kan, i, sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Nọ́ḿbà rẹ̀ kò parẹ́, àmọ́ wọn kò ní kà á mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń to àwọn ọ̀ta orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti ipò kìíní sísàlẹ̀. Ìgbà tó bá tún ta ayò kan péré tó wọ ìwé ni wọ́n máa pa lẹ́tà náà rẹ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè bí Amẹ́ríkà, Íńgílándì àti Ọsirélíà ní ìwé òṣùwọ̀n tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n sì ní òfin tiwọn. Ní Nàìjíríà, abala tiwa nínú ìwé FIDE, níbi tí wọ́n ti kọ NGR sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, ni ọ̀pọ̀ atayò ń yẹ̀ wò. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Ẹni márùn-ún ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń kó lọ sí abala gbogbogbòò nínú ìdíje Olympiad, tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, márùn-ún mìíràn sì ń lọ sí abala àwọn obìnrin. Bí wọ́n bá ń wá àwọn tó tó pè, ìwé òṣùwọ̀n wà lára ohun tí ojú kọ́kọ́ máa ń lọ sí. FIDE pàápàá, nígbà tó bá ń to àwọn orílẹ̀-èdè ní ipò, àròpín òṣùwọ̀n àwọn mẹ́wàá tó ga jù nínú àwọn tí kò ní lẹ́tà i ló ń lò. Ayò mélòó wá ló yẹ kí ènìyàn ta kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó kà á mọ́ àwọn ọ̀ta rẹ̀? Èrò tèmi ni pé ayò kan lọ́dún kéré jù, ó sì yẹ kí òfin béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí òfin béèrè lọ́wọ́ atayò ohun tí àjọ tó ń darí eré náà kò tíì pèsè. Iye ìdíje tó wà nílẹ̀ ló yẹ kó sọ iye ayò tí a ó béèrè.

Ká tó lè mọ ìdí tí ayò kan fi kéré, ó yẹ ká mọ bí nọ́ḿbà náà ṣe ń jáde. Arpad Elo, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì tí wọ́n bí ní Hungary tó sì di ará Amẹ́ríkà, ló ṣe ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀. Àjọ ṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gbà á ní 1960, FIDE tẹ̀lé e ní 1970. Kí ayò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìṣirò náà ti wo nọ́ḿbà ẹni méjèèjì, ó sì ti sọ ohun tó retí. Bí ẹnì kan bá fi 200 ju èkejì lọ, a retí pé kó kó nǹkan bíi máàkì 76 nínú 100 tí wọ́n bá jọ ń ta á lọ. Tó bá kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ḿbà rẹ̀ á ròkè. Tí kò bá kó tó bẹ́ẹ̀, á wálẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí òṣùwọ̀n wọn kò tíì dé 2400, 20 ni FIDE fi ń sọ ìyàtọ̀ yẹn di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ní 2100, tó jókòó dojú kọ ẹni tó ní 1900. Bó bá borí, kò ní rí tó máàkì 5. Bó bá fìdí rẹmi, nǹkan bíi 15 ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti inú ìṣirò yìí la ti rí i pé òṣùwọ̀n kì í ṣe oyè tí wọ́n fi jẹni, tí ènìyàn ń gbé kiri títí ọjọ́ ikú. Ẹ̀rí ni, lórí ayò tí ẹnì kan ti ta pẹ̀lú àwọn tó bá pàdé nígbà tó ta á. Láti inú rẹ̀ náà la ti rí i pé ẹni tí nọ́ḿbà rẹ̀ ga ní ìdí tó fi lè sá fún ayò. Máàkì 15 ló lè pàdánù sọ́wọ́ ọmọ tí kò lókìkí, kò sì lè rí ju 5 lọ bó bá fẹ̀yìn ọmọ náà balẹ̀. Bí kò bá sí òfin tó ní kó jáde wá, jíjókòó sílé ló máa ṣe é láǹfààní jù. Ìtàn ṣẹ́ẹ̀sì ti fi ibi tí èyí lè já sí hàn wá. Ní 1972 tí Bobby Fischer gba ipò akọni àgbáyé, òṣùwọ̀n rẹ̀ ti dé 2785. Kò tún bá ẹnikẹ́ni ta ayò ìdíje mọ́ títí di 1992. Bí wọ́n bá ní kí 2785 náà máa gbé orí ìwé ní gbogbo ogún ọdún yẹn, Anatoly Karpov, tó jẹ akọni àgbáyé láti 1975 sí 1985 tó sì ń bá gbogbo ayé ta á, kò ní rí ipò kìíní gbà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí Garry Kasparov sì fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹta ọdún 2005, òun ló wà lókè ìwé pẹ̀lú 2812. Kí 2006 tó parí, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó ṣì ń ta á. Kò sẹ́ni tó sọ pé Kasparov kò mọ ayò mọ́. Ohun tí ìwé sọ ni pé kò sí ẹ̀rí tuntun nílẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ẹni tó mọ ayò ti mọ̀ ọ́n, pé ìmọ̀ kì í jẹrà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àgbà ọ̀ta tó ti kúrò nídìí pátákó fún ọdún mẹ́ta ṣì lè na ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Àmọ́ ìgbà kì í lọ bí òréré. Àfiwé ni òṣùwọ̀n: bí ọwọ́ ẹni náà kò tilẹ̀ rọ, àwọn tí wọ́n fi wé e kò dúró sójú kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ní 1500 lónìí lè ti di ẹni tó ń fi ojú àwọn àgbà gbolẹ̀ kí ọdún méjì tó pé. Mark Glickman, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà, ti ronú lórí èyí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nínú ètò tó ṣe, tí wọ́n ń pè ní Glicko, nọ́ḿbà méjì ni atayò kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan fún agbára rẹ̀, èkejì fún iyèméjì tó wà lórí ti àkọ́kọ́. Bí ènìyàn bá ṣe ń ta á tó ni iyèméjì ṣe ń dínkù. Bó bá ṣe ń pẹ́ nílé tó ni iyèméjì ṣe ń pọ̀ sí i. Ètò yìí tàbí àbúrò rẹ̀ ni àwọn ìkànnì Chess.com àti Lichess ń lò, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Èkó tó ń ta á lórí fóònù ti ń lò ó láìmọ̀. Lẹ́yìn òṣùwọ̀n tí iyèméjì rẹ̀ ṣì pọ̀, Lichess máa ń fi àmì ìbéèrè sí i.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ti wá ọ̀nà láti sọ òtítọ́ yìí fún òǹkàwé. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò tíì ta ju ayò 25 lọ, òṣùwọ̀n onígbà díẹ̀ ni wọ́n kà tirẹ̀ sí. Íńgílándì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ lẹ́tà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà, tí ẹni tó bá kà á fi ń mọ̀ bóyá ayò púpọ̀ tàbí díẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọsirélíà, tó ń lo ètò Glickman, ń fi àmì ìyanu sẹ́yìn nọ́ḿbà tó ṣe é gbára lé, ó sì ń fi àmì ìbéèrè sẹ́yìn èyí tó ń ṣiyèméjì lé lórí. Bí a bá gbé òfin FIDE kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀nyí, àléébù rẹ̀ á hàn kedere. Ẹni tó ta ayò kan ní oṣù kìíní tó sì lọ jókòó títí oṣù kejìlá, àti ẹni tó ta ọgọ́ta, ojú kan náà ni ìwé fi ń wò wọ́n. Ayò kan kò jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Orí fífọ́ lásán lè mú ọ̀ta fìdí rẹmi nínú rẹ̀, oríire sì lè gbé ọ̀pẹ̀ lékè.

Ṣé kí iye tí a ń béèrè wá pọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì tán? Kò tíì tán, ọ̀rọ̀ Ding Liren, ọ̀ta ọmọ Ṣáínà, sì jẹ́rìí sí i. Fún ìdíje Candidates ti 2022, èyí tó ń yan ẹni tó máa bá akọni àgbáyé figa gbága, FIDE ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n wọlé ti ta ayò 30 láàárín oṣù kẹfà 2021 sí oṣù karùn-ún 2022. Àrùn kòrónà àti òfin ìrìnnà ti há Ding mọ́ Ṣáínà, ayò rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí àyè kan ṣí sílẹ̀ lójijì ní oṣù kẹta 2022 nítorí pé wọ́n fòfin de Sergey Karjakin tó ni àyè náà, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì Ṣáínà kó àwọn ọ̀ta jọ, wọ́n ṣètò ìdíje ní wàràǹṣeṣà, Ding sì ta ìyókù ayò náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó wọ Candidates, ó ṣe ipò kejì, ó sì di akọni àgbáyé ní 2023. Ní 2025 náà, Hikaru Nakamura, ọ̀kan lára àwọn tó ga jù láyé, lọ ń ta á nínú àwọn ìdíje kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Louisiana àti Iowa kó lè pé ayò 40 tí òfin béèrè. Ọ̀pọ̀ bínú sí i, wọ́n ní ó ń fi ìyà jẹ ọ̀pẹ̀. Kò rú òfin kankan. Ìtàn méjèèjì yìí kọ́ wa pé òfin iye ayò kì í wọn aláìlówó àti ẹni tí àjọ ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà kan náà. Ibi tí ìdíje bá pọ̀, ayò 40 kò ju ìrìn-àjò díẹ̀ lọ. Ibi tí kò bá ti sí, ayò mẹ́wàá lè nira ju kí ènìyàn kọjá Ọ̀sà lẹ́sẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ Èkó nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé a kò ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Sùúrùlérè, Yábà àti Mùṣín. Wọ́n ń ta á ní pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè, ní Yunifásítì Èkó àti ní Yabatech. Ní Mákòkó, lẹ́bàá ọ̀sà, Chess in Slums Africa tí Tunde Onakoya dá sílẹ̀ ní 2018 ti fi ṣẹ́ẹ̀sì kọ́ àwọn ọmọ. Ní oṣù kẹrin 2024, Onakoya fi 60 wákàtí bá Shawn Martinez ta á ní Times Square, New York, gbogbo ayé sì ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ayò 60 wákàtí náà, kò sí ẹyọ kan tó wọ ìwé òṣùwọ̀n, nítorí pé kì í ṣe ìdíje tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FIDE. Bí ọ̀rọ̀ bá dórí lẹ́tà i, bí ẹni tó sùn ni ìwé ṣe máa ka ẹni tó ta á tọ̀sántòru bẹ́ẹ̀.

Kí ayò tó lè wọ ìwé, àjọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ ìdíje náà sílẹ̀ ṣáájú. Rẹfirí tó ní ìwé àṣẹ FIDE gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, atayò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà ìdánimọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àbájáde ránṣẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san owó tí wọ́n fi yúrò ṣírò. Ìwé mẹ́ta ló tún wà: ọ̀kan fún ayò tó ń pẹ́, ọ̀kan fún èyí tó yá, ọ̀kan fún èyí tó yá jù. Èyí tó ń pẹ́ ni iyì wà lára rẹ̀ jù, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, wákàtí kan lórí aago tirẹ̀. Ìyẹn lè tó wákàtí méjì fún ayò kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdíje ayò márùn-ún tàbí mẹ́fà á gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta gbáko. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Ladipo tó sì fẹ́ lọ ta á lópin ọ̀sẹ̀, ó máa ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sátidé, ó máa san owó ìwọlé, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Òfin tó bá ní kó ṣe èyí nígbà mẹ́wàá lọ́dún ti lé e kúrò nínú ìwé kó tó fọwọ́ kan ọmọ ayò.

Ẹnì kan lè sọ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú pa òfin náà rẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí nọ́ḿbà kálukú máa wà níbẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn, ìdí mi sì jẹ mọ́ àwọn ọmọ Mákòkó gan-an. Kí atayò tuntun tó ní òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ ta ó kéré tán ayò márùn-ún pẹ̀lú àwọn tó ti ní òṣùwọ̀n ṣáájú. Kò lè rí i gbà láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò tíì ní. Bí àwọn ọ̀ta tó ní 2000 sókè bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí máàkì wọn má baà jò, àkàbà ti kúrò lára ògiri nìyẹn. Àwọn ọmọ tó bá sì wọlé á máa pín máàkì láàárín ara wọn, òṣùwọ̀n wọn á máa wà nísàlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ wọn ti mú kọjá ibẹ̀. Ìyà rẹ̀ máa ń hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde lọ sókè òkun. Nítorí náà òfin tó ń fa àwọn ọ̀ta jáde kì í ṣe ìjìyà fún wọn. Ó jẹ́ gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣáájú wọn náà ṣe jókòó dè wọ́n.

Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n máa ka ayò orí íntánẹ́ẹ̀tì, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ọ̀dọ́ ti ní fóònù. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, ó sì ń mú kí ọwọ́ mú. Àmọ́ ẹ̀rí tí a lè gbà ni a ń wá, ẹ̀rí náà sì ń béèrè pé ká mọ ẹni tó jókòó sídìí pátákó. Ẹ̀rọ tó lè bi akọni àgbáyé wó wà nínú fóònù olówó pọ́ọ́kú lónìí. Ẹni tó ń ta á nínú yàrá rẹ̀ nìkan ló mọ ẹni tó ń bá a ronú. Bí wọ́n bá kó wọn jọ sínú gbọ̀ngàn kan, tí rẹfirí ń wò wọ́n, iyèméjì yẹn á dínkù gan-an, ṣùgbọ́n tí gbọ̀ngàn àti rẹfirí bá ti wà, ṣé kò yá kí wọ́n kúkú gbé pátákó kalẹ̀?

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí a ya iṣẹ́ méjì tí ìwé òṣùwọ̀n ń ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Èkíní ni àkọsílẹ̀: kí orúkọ ẹnikẹ́ni má ṣe kúrò níbẹ̀ láé, kí wọ́n sì kọ iye ayò tó ta láàárín ọdún méjì sẹ́yìn sí iwájú nọ́ḿbà rẹ̀, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ lè mọ bí ẹ̀rí náà ṣe wúwo tó. Èkejì ni yíyàn. Níbẹ̀, dípò ayò kan lọ́dún, kí wọ́n béèrè ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìdíje tó wọ ìwé tó wáyé ní agbègbè atayò náà láàárín ọdún méjì. Bí àjọ bá ṣe mẹ́sàn-án ní Èkó, ẹni tó bá ta á nínú mẹ́ta ti yege. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe, ẹyọ kan ti tó. Ọdún méjì ni mo mú nítorí pé ọdún kan kúrú jù fún ìgbésí ayé wa. Ọdún kan gbáko ni ètò ìsìnrúùlú NYSC ń gbà, ó sì lè gbé ọmọ Yábà lọ sí ìletò tí kò sí ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Oyún àti ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ obìnrin, ó sì yẹ kí wọ́n yọ ìgbà yẹn kúrò nínú ìṣirò rẹ̀. Bákan náà ló rí fún ìgbà tí ìjọba bá ti ìlú pa, bí wọ́n ṣe ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa láti 30 oṣù kẹta 2020.

Wọ́n lè takò mí pé, lábẹ́ ètò yìí, àjọ tó bá ya ọ̀lẹ máa ní òfin tó rọrùn, ìwé rẹ̀ á sì kún fún nọ́ḿbà tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìwé náà kò ní lè bo ọ̀lẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Lónìí, bí lẹ́tà i bá pọ̀ níwájú orúkọ àwọn ọmọ Nàìjíríà, ohun tí ojú ń rí ni pé àwọn atayò ti káwọ́ gbera. Bí wọ́n bá kọ iye ìdíje tó wáyé ní agbègbè kọ̀ọ̀kan sókè ìwé, tí wọ́n sì kọ iye ayò sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ènìyàn á mọ ẹni tí kò wá àti ibi tí kò sí ohun tí wọn ì bá wá sí. Àwọn onílé-iṣẹ́ tó ń wá ibi tí wọ́n lè náwó sí á rí àlàfo náà, ìjọba ìpínlẹ̀ náà á sì rí i. Orílẹ̀-èdè tó ti bí ọ̀ta bí Odion Aikhoje, tó sì rán Oluwafemi Balogun lọ bá Magnus Carlsen, akọni àgbáyé nígbà náà, ta á nínú ìdíje World Cup ní Tbilisi ní 2017, kò ṣaláìní ọ̀ta. Kí àjọ kọ́kọ́ gbé kàlẹ́ńdà ìdíje jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ó rí i pé díẹ̀ nínú wọn wà níbi tí ará Mùṣín lè fi ọkọ̀ kan dé, tí owó ìwọlé rẹ̀ kò sì wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn atayò pé kí wọ́n wá. Ẹni tó bá wá kọ̀ láìnídìí, òun náà ti mọ̀ pé orúkọ òun kò ní sí lára àwọn tí wọ́n máa pè.